Igi Tí Òtútù Kò Pa

Bí ènìyàn bá ti Bẹẹrẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Màpó, yóò rí ibi tí wọ́n to àwọn igi kéékèèké sí nínú ọ̀rá dúdú, ìlà mẹ́rin, lẹ́yìn gọ́tà. Karimat Àkíbù ló ni wọ́n. Ìyá Fláwà ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ, kò sì tíì lọ́kọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ó kàwé nípa ohun ọ̀gbìn ní yunifásítì, òun ló sì ṣe ipò kìíní nínú kíláàsì rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, nínú ọ̀rá tí kò yàtọ̀ sí èyí tó fi ń gbin kúrótónì.

Ní ọdún kan, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, gbé igi kan wá láti Òkè Padre. Ó ní igi tí Karimat tà fún òun ti kú, kó gbà á padà. Kò sí ewé kan lórí igi náà, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ti gan. Karimat kò bá a jiyàn. Ó fi èékánná àtàǹpàkò họ èèpo igi náà díẹ̀, ó sì na ibẹ̀ sí tíṣà. Lábẹ́ èèpo náà, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ilá.

Ó ní, “Kò kú, sà. Ó ń sùn ni. Ẹ má fa ohun tó ń sùn tu.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá náà padà wá, ó ní èékánná Karimat ju awò dókítà lọ. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tó ń ra igi lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé Karimat kì í pe igi tó wà láàyè ní òkú. Kí á fi èyí sọ́kàn.

Muslimat ni ọbàkan rẹ̀. Agboolé Àkíbù ní Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, nínú oṣù kan náà. Ìyálé ló bí Muslimat, ìyàwó kejì ló bí Karimat, ọjọ́ mọ́kànlá ló sì wà láàárín wọn. Bàbá wọn, Alhaji Àkíbù tó ń rán fìlà ní Ọ̀rányàn, kò gbà kí ọjọ́ mọ́kànlá náà ṣòfò. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ti tó láti sọ ènìyàn di ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà, láti kékeré ni Karimat ti ń pe ẹni tí wọ́n jọ ń mu ọmú ní Àǹtí, tó sì ń kí i pẹ̀lú “ẹ”. Muslimat ló ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú abọ́. Muslimat ló ń kọ́kọ́ wọ bàtà ọdún. Ìgbà mẹ́ta ni Muslimat ṣe ìdánwò àṣekágbá girama kó tó yege, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Karimat ṣe tirẹ̀, síbẹ̀ Karimat ló kúnlẹ̀ láti kí Muslimat kú oríire.

Muslimat wá di nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ Muhydeen, àwọn méjèèjì sì kó lọ sí Kánádà, sí ìlú kan tó ń jẹ́ Winnipeg, níbi tí ilẹ̀ ti ń dì gbagidi fún oṣù márùn-ún nínú ọdún. Wọ́n ra ilé níbẹ̀.

Ká sọ òtítọ́, Muslimat kò ṣe Karimat ní ibi kankan rí. Èyí gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Ẹni tó bá ṣẹ̀ wá, a lè bá a jà kí a sì parí rẹ̀. Ẹni tí kò ṣẹ̀ wá, tí ojú wa kò sì lè gba ire rẹ̀, ìjà tí a ń bá a jà kò ní ibi tí a lè parí rẹ̀ sí.

Ní ọdún kejì tí wọ́n ra ilé náà, Muslimat pe Karimat lórí fóònù. Ó ní ilẹ̀ wà níwájú ilé àwọn, ó wà lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n koríko lásán ló wà níbẹ̀. Gbogbo aládùúgbò ló ní òdòdó, tàwọn nìkan ló rí bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. “Ìwọ lo kàwé ẹ̀, Karimat. Bá mi yan ohun tí màá gbìn, tí òtútù ò ní pa. Sọ fún mi ibi tí màá gbìn ín sí.”

Karimat ní ó dáa, Àǹtí.

Iṣẹ́ náà wù ú. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ọ̀sẹ̀ méje ni ó fi kàwé lórí fóònù, láàárín oníbàárà kan sí òmíràn. Ohun tó ti ń ṣe ní Ìbàdàn ni kí ó máa wá igi tí oòrùn kò ní jó gbẹ. Ní Winnipeg, ohun tó ní láti wá ni igi tí yóò dì láti òkè dé gbòǹgbò, tí yóò sùn bí òkú, tí yóò sì jí. Ó ní kí Muslimat gbé fóònù yí ilé ká ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí òun lè rí ibi tí oòrùn ń gbà kọjá. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, ó ní kí ó gbẹ́ ihò kan, kí ó bu omi kún un, kí ó sì ka iye wákàtí tí ilẹ̀ fi fa omi náà mu. Muslimat ní ṣé ọgbà ni àbí kànga. Karimat ní kí ó ṣáà kà á. Muslimat rí òdòdó róòsì kan nínú fóònù, ó ní èyí ni òun fẹ́. Karimat ní rárá, kò ní rí oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀.

Nígbẹ̀yìn, ó yan igi láílàkì mẹ́ta sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá. Ó yan háídíránjìà mẹ́rin, tí òdòdó wọn tóbi bí orí ọmọ ọwọ́, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ ilé. Igi kan tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, tí kì í wọ́wé láéláé, ó fi ìyẹn sí igun. Níwájú pátápátá, ó fi píónì márùn-ún síbẹ̀, òdòdó kan tí gbogbo ara rẹ̀ máa ń kú wọlẹ̀ bí òtútù bá dé, tí kò ní ku ẹyọ igi kan sókè. Ó ya gbogbo rẹ̀ sórí páálí ńlá kan, ó fi àwọ̀ sí i, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbá ewé tó bá bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan igi kankan kí ewé tuntun tó yọ. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí Karimat fọwọ́ kàn rí láyé rẹ̀.

Ó fi fọ́tò páálí náà ránṣẹ́ sí Muslimat, oṣù kẹfà ni wọ́n sì gbìn wọ́n. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, háídíránjìà ti tanná. Muslimat fi ohùn ránṣẹ́, ohùn rẹ̀ ń bú sẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà dúró níwájú ilé àwọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Obìnrin náà ló ni iléeṣẹ́ kan tó ń ṣètò ọgbà. “Ó bi mí ta ló yà á, mo ní àbúrò mi ní Ìbàdàn ni. Ó ní tí gbogbo ẹ̀ bá fi lè la òtútù já, òun á gbà ẹ́ síṣẹ́, wàá máa yàwòrán ọgbà fún òun láti ilé. Ṣé o gbọ́? Kó ṣáà ti la òtútù já.”

Ìgbà mẹ́fà ni Karimat gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn gọ́tà rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Láti ọjọ́ tó ti jáde ní yunifásítì, kò tíì sí ẹni tó fi ohun tó kọ́ lọ̀ ọ́. Wàyí o, ọ̀nà kan ti là, igi méje tó máa dúró gbígbẹ nínú yìnyín ló sì rọ̀ mọ́.

Nígbà tí Muslimat sún mọ́ àtibímọ, ìyá rẹ̀ wọkọ̀ òfurufú lọ bá a láti tọ́jú ọmọ. Ní oṣù yẹn kan náà, àwòrán kan dé láti Kánádà, ó tóbi, férémù rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Muslimat ló wà nínú rẹ̀, ó dúró láàárín òdòdó funfun, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Alhaji Àkíbù ní kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ìṣó kan ṣoṣo ló dára lára ògiri náà, àwòrán Karimat ló sì wà lórí rẹ̀, èyí tó yà ní ọjọ́ tó gba oyè, pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin. Wọ́n gbé ti Karimat lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá àwọn dúrọ́ọ̀mù omi. Kò sí ẹni tó bi í léèrè. Kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n bi í.

Ní Jímọ̀ kejì lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ méjì wá kí i lẹ́yìn ìrun. Karimat gbé omi tútù wá fún wọn. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè tó sì béèrè pé ta ló ni ọgbà tó dára báyìí.

Alhaji ní, “Muslimat ni o. Ọwọ́ ọmọ yẹn tutù. Ohun tó bá ti gbìn ló ń hù.”

Àlejò kejì ní ṣebí Karimat náà ń ta fláwà ní Bẹẹrẹ.

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Karimat ń tà á ni. Muslimat ló ni ín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Karimat gbé àwo rẹ̀, ó bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó lè padà wọlé kí ó sọ pé òun lòun ya ọgbà náà. Páálí náà wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jowú kì í fẹ́ kí wọ́n fún òun ní tirẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n gba ti ẹnì kejì. Bó ṣe jókòó bẹ́ẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Muslimat ni, ó ń pè láti Winnipeg, ojú rẹ̀ sì hàn lórí fóònù.

Ó yẹ kí a sọ irú ẹni tí obìnrin yìí jẹ́. Ọjà'ba ló ti ń ta ìkòkò láti ọdún pípẹ́. Kì í jókòó lásán. Ní Bẹ́yẹrúnkà, àgbàlá tí wọ́n gbá, tí ipa ìgbálẹ̀ hàn lórí erùpẹ̀ rẹ̀, tí ewé kan kò sí nílẹ̀, ni àgbàlá ilé tó ní obìnrin. Ewé tó bá wà nílẹ̀, ìdọ̀tí ni. Igi tí kò bá léwé, igi ìdáná ni. Oṣù mẹ́ta ló fi wo yìnyín láti ojú fèrèsé, tí kò rí nǹkan gbá. Nísinsìnyí yìnyín ti yọ́, ohun tó sì rí lábẹ́ rẹ̀ kó ìtìjú bá a nítorí ọmọ rẹ̀.

Muslimat gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, Muhydeen wà níbi iṣẹ́. Ìyá nìkan ló wà nílé, ó fi ìborùn wé orí, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ọkọ ọmọ rẹ̀, ó sì mú ìgbálẹ̀ dání. Ó ti kó gbogbo ewé tó wà nílẹ̀ jọ. Ó kí Karimat, ó bi í léèrè nípa ìyá rẹ̀, ó bi í nípa ọjà. Lẹ́yìn náà ló yí fóònù sí ìhà ọgbà.

“Karimat, ọmọ mi, ìwọ lo kàwé igi. Wo àwọn nǹkan yìí. Òtútù ti pa gbogbo wọn. Ojú ń tì mí, àwọn òyìnbó ń gba iwájú ilé kọjá. Àyàfi èyí tó ní ewé abẹ́rẹ́ yìí, ìyẹn ṣì yè. Ṣé kí n fa ìyókù tu kí Muslimat tó dé?”

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó di ọ̀kan nínú àwọn láílàkì mú ní ìdí láti dán agbára rẹ̀ wò. Ọwọ́ rẹ̀ bó èèpo igi náà díẹ̀. Obìnrin náà kò rí i. Karimat rí i. Àmì tutù kan, tẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú aláwọ̀ ewé, hàn kedere láti Winnipeg dé ẹ̀yìnkùlé Bẹ́yẹrúnkà.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé Karimat gbàgbé iṣẹ́ tí obìnrin òyìnbó náà ṣèlérí fún un, irọ́ ló ń pa láti gbè é. Kò gbàgbé. Ó rántí rẹ̀, ó sì tún rí àwòrán tó wà lára ògiri pálọ̀. Ó rò ó wò pé láti ọjọ́ yẹn lọ, irọ́ ni àwòrán náà yóò máa pa fún àwọn àlejò. Èrò náà dùn mọ́ ọn.

Ó ní, “Màmá, ẹ ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú yín.”

“Ọlọ́run á bù kún ọ.”

“Ẹ kú iṣẹ́, mà.”

Fóònù ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí ìyá fa àkọ́kọ́ tu. Karimat wò ó títí ó fi kan ìkeje.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Muslimat pè. Kò pariwo. Ó ti sunkún tẹ́lẹ̀, ó hàn nínú ohùn rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun dé láti ilé ìwòsàn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ́ tónítóní bí àgbàlá Bẹ́yẹrúnkà, gbogbo igi sì ti wà nínú àpò ìdalẹ̀nù. Obìnrin òyìnbó náà rí wọn níbẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó fi èékánná họ ọ́, ó sì fi han òun pé ó wà láàyè. Wọ́n gbìyànjú láti tún un gbìn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ti já, atẹ́gùn sì ti gbẹ wọ́n láti àná. Ìyá ti ṣàlàyé pé òun kò dá a ṣe, pé òun fi han Karimat kí òun tó fọwọ́ kàn wọ́n.

“Mo mọ̀ pé Màmá ò mọ̀, mi ò sọ ohun tó o kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí fún wọn. Obìnrin yẹn ń béèrè nípa tìẹ. Ó ní ẹni tó ya ọgbà yìí, ṣé kò mọ igi tó ń sùn yàtọ̀ sí èyí tó kú ni? Kí ni kí n sọ fún un, Karimat? Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè?”

Ọ̀nà méjì péré ló wà. Bó bá sọ pé òun mọ̀, ìmọ̀ rẹ̀ yóò dúró, ìwà rẹ̀ yóò wó. Gbogbo agboolé yóò gbọ́ pé ó jókòó, ó ń wo ìyá ọlọ́jọ́ lórí tó ń ba nǹkan ọmọ rẹ̀ jẹ́, ó sì kí i kú iṣẹ́. Bó bá sọ pé òun kò mọ̀, ìwà rẹ̀ yóò dúró, ohun kan ṣoṣo tó fi ju Muslimat lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn ni yóò wó. Karimat wo èékánná àtàǹpàkò rẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Mi ò mọ̀, Àǹtí. Mo rò pé wọ́n ti kú ni.”

Ohùn Muslimat rọ̀. “Kò burú. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Ìwọ náà ò rí òtútù rí. Ohun tí a kà nínú ìwé ò dà bí ohun tí a fojú rí. Má jẹ́ kó dùn ẹ́.”

Bí ó bá bú u ni, Karimat ì bá lè gbà á. Àánú yẹn ni kò lè gbé. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ parí síbẹ̀. Obìnrin òyìnbó náà ránṣẹ́ pé òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ọgbà àwọn oníbàárà òun lé ẹni tí kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè lọ́wọ́. Gbólóhùn náà péye. Karimat fúnra rẹ̀ kì bá tí lè sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òpin oṣù karùn-ún, Muslimat fi àwòrán kan ránṣẹ́. Nǹkan pupa kan, bí ìka ọwọ́ ọmọdé, ti yọ látinú ilẹ̀ níwájú ilé, ní ojú ibi márùn-ún. Ó ní òun kò mọ ohun tó jẹ́, òun kò sì rántí pé àwọn gbin nǹkan kan síbẹ̀. Píónì ni. Ìyá kò fà wọ́n tu nítorí pé kò rí wọn. Wọn kò ní igi kankan tó yọrí sókè tí ọwọ́ rẹ̀ lè bà. Karimat wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. Ó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pa fóònù, ó sì dìde lọ bomi rin kúrótónì. Kò dáhùn ní ọjọ́ náà, kò dáhùn ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní oṣù kẹfà, òdòdó ńláńlá márùn-ún tanná níbẹ̀, Muslimat sì gbé àwòrán wọn síta. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ọlọ́run ló gbin èyí fún òun.

Oṣù kẹjọ ni ìyá Muslimat padà dé. Lẹ́yìn tí gbogbo èrò tó wá kí i káàbọ̀ ti lọ, ó wá bá Karimat ní yàrá rẹ̀. Ó mú ọ̀rá kan dání, aṣọ àti ọṣẹ ìwẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé òun nínú láti oṣù kẹrin. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún Karimat, òun ló fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù, òun sì ti sọ fún Muslimat àti fún obìnrin òyìnbó náà pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Obìnrin náà kò gbọ́. Ó ní àìmọ̀ ló ṣe òun.

“Èmi ni mo ba ọjọ́ iwájú rẹ jẹ́, Karimat. Bí o bá fẹ́ kí n kúnlẹ̀, màá kúnlẹ̀.”

Ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ó ti fi ọwọ́ kan ti ògiri, orúnkún rẹ̀ sì ti ń tẹ̀. Obìnrin tó lé ní ọgọ́ta ọdún ni. Karimat dì í mú ní ìgúnpá. Àkókò wà fún un láti sọ̀rọ̀. Ìlẹ̀kùn wà ní títì, àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀, páálí ọgbà náà sì wà lábẹ́ ibùsùn, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì sí ibi tí wọ́n dúró sí.

Ó ní, “Ẹ dìde, Màmá. Ó ti kọjá. Mo ti forí jì yín.”

Ìyá nu ojú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí Karimat, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà fún un: pé Ọlọ́run á san án fún un, pé bó ṣe ní inú funfun yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ á funfun. Karimat tẹ orí ba. Sí ìkọ̀ọ̀kan, ó ṣe àmín.